DEG nínú oògùn eyín: ewu tí nọ́ńbà eku kò fi hàn

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, àwọn dókítà ọmọdé ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá kan ní Nàìjíríà ṣàkíyèsí pé irú àìsàn kan náà ló ń wọlé léraléra. Ọmọ ọwọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ara ọmọ ti gbóná ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, ó ti bì, ó ti ṣu gbuuru, ṣùgbọ́n ohun tó lé àwọn òbí dé ilé ìwòsàn ni pé ìtẹ́dìí ọmọ kò tutù mọ́. Ọmọ kò tọ̀ lánàá, kò tọ̀ lónìí. Kíndìnrín ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi àwọn ìyá léèrè ohun tí ọmọ mu, orúkọ kan ń jáde ṣáá: My Pikin, oògùn olómi tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń hu eyín.

Ẹ má rò pé oògùn ayédèrú tí wọ́n pò ní kọ̀rọ̀ yàrá ni. Ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ló ṣe é ní Èkó. NAFDAC mọ̀ ọ́n. Paracetamol àti diphenhydramine ló wà nínú rẹ̀, oògùn méjì tí kò ṣàjèjì ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì kankan. Ẹni tó bá ti tọ́mọ nílẹ̀ Yorùbá mọ bó ṣe máa ń rí: ọmọ pé oṣù mẹ́fà, ara rẹ̀ ń gbóná, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn lóru, ìyá àgbà á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, eyín ló ń hu," wọ́n á sì rán ẹnì kan lọ ra oògùn eyín ní ìkóríta. Ìyá tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣe ohun tí ìyá mìíràn kì í ṣe.

Nígbà tí wọ́n gbé oògùn náà dé yàrá àyẹ̀wò, diethylene glycol ni wọ́n bá nínú rẹ̀, èyí tí àwa tó ń bá kẹ́míkà ṣiṣẹ́ ń pè ní DEG. Kì í ṣe ẹ̀kán kan tàbí méjì o. Nínú àwọn ìgò tí wọ́n yẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà, ó tó bí ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó wà nínú ìgò. Bẹ́ẹ̀ ìlànà oògùn kò gbà kí ó ju 0.10% lọ nínú èròjà tí wọ́n bá fẹ́ fi po oògùn. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2009, ọmọ 84 ló ti kú nínú 111 tí wọ́n kà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ̀rọ̀ lórí ìwà ọ̀kánjúwà tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, wọn kò sì parọ́. Apá tí èmi fẹ́ yẹ̀ wò nínú àkọsílẹ̀ yìí ni èyí tí kì í sábà dé etí ará ìlú: báwo la ṣe ń pín kẹ́míkà sí ìsọ̀rí ewu, kí ni ìpínsísọ̀rí náà sọ nípa DEG, kí ló sì dé tí ohun tó sọ kò fi gba ọmọ kankan là?

Da DEG sínú ìfe gíláàsì, omi tó ki díẹ̀ ni wàá rí. Kò ní àwọ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òórùn, ó dùn díẹ̀ lẹ́nu. Da propylene glycol, tí à ń pè ní PG, sínú ìfe kejì, kí o gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú fèrèsé. Ojú lásán kò lè yà wọ́n. Glycerine náà jọ wọ́n, ó kàn ki jù wọ́n lọ ni. PG àti glycerine wà nínú oògùn olómi, nínú ìpara, nínú ọṣẹ ìfọyín, torí pé oògùn tí kò bá yọ́ nínú omi dáadáa máa ń yọ́ nínú wọn. DEG ní iṣẹ́ tirẹ̀: wọ́n ń fi ṣe omi bíréèkì ọkọ̀, wọ́n ń fi ṣe rẹ́síìnì, ó wà nínú yíǹkì ìtẹ̀wé, wọ́n sì ń fi fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ gáàsì. Kẹ́míkà tó wúlò ni. Owó rẹ̀ sì kéré sí ti PG tó mọ́ tó láti fi ṣe oògùn. Ibi tí ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní ọ̀pọ̀ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ lágbàáyé.

Ní báyìí, ká ní wọ́n gbé kẹ́míkà yìí síwájú rẹ, wọ́n ní kí o pín in sí ìsọ̀rí. Ètò tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀lé ni GHS, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2003. Ó ní kí o bẹ̀rẹ̀ láti orí ewu iná. Kẹ́míkà olómi tí oru rẹ̀ kò lè gbiná títí ooru fi kọjá 93 °C kò sí nínú àwọn tó ń gba àmì iná, DEG sì kọjá ibẹ̀ dáadáa. Kì í bú gbàmù. Kì í jẹ irin. Bó bá kan ara, kì í bó awọ. Ní ti ọkọ̀ àti ọkọ̀ ojú omi, ṣí ìwé ààbò rẹ̀, ìwé tí olùtajà fi ń sọ ewu kẹ́míkà, sí ìpín 14 tó jẹ́ ti ìrìnnà: kò ní nọ́ńbà UN tí wọ́n ń fún ẹrù eléwu, kò sí lára ẹrù eléwu. Awakọ̀ tírélà lè gbé e láti Apapa dé Kano láìlẹ àmì kankan mọ́ ọkọ̀, kò sì rú òfin ẹrù eléwu kankan. Ẹni tó bá ń ka ìwé náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lọ kó tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ọ̀fun. Láti mọ bí kẹ́míkà ṣe léwu tó bí a bá gbé e mì, nọ́ńbà tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò ni LD50, ìyẹn ìwọ̀n tó ń pa ìdajì àwọn eku tí wọ́n fún mu. Mílígíráàmù fún kílò kan ara ni wọ́n ń fi kà á. Bí nọ́ńbà náà bá ti kéré tó ni oró ṣe pọ̀ tó. Títí dé 5, Ìsọ̀rí Kìíní ni. Títí dé 50, Ìkejì. Títí dé 300, Ìkẹta. Títí dé 2,000, Ìkẹrin. Ìkarùn-ún wà tó dé 5,000, ṣùgbọ́n Yúróòpù kò lò ó. Ìsọ̀rí mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń gba àmì agbárí òkú pẹ̀lú egungun méjì tí gbogbo ayé mọ̀.

Ti DEG fún eku jẹ́ nǹkan bí 12,500.

Ẹ tún un kà. Kò wọ Ìkẹrin, kò wọ Ìkarùn-ún, ó ré gbogbo àtẹ náà kọjá. Ti PG, tí à ń jẹ tí à ń mu, jẹ́ nǹkan bí 20,000, ìyẹn ni pé lójú eku, ìyàtọ̀ tó wà láàárín oògùn àti májèlé yìí kò tó nǹkan. Ti iyọ̀ ìsebẹ̀ jẹ́ 3,000. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà eku nìkan la fẹ́ tẹ̀lé, iyọ̀ tó wà nínú ilé ìdáná yín ló léwu ju DEG lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Mo ti rí àwọn tó kàwé, tí wọ́n ní ìwé ẹ̀rí lórí kẹ́míkà, tí wọ́n wo nọ́ńbà yẹn tí wọ́n sì ní, "Kò burú púpọ̀ kẹ̀."

Ara ènìyàn sọ ọ̀tọ̀. Láti ara àwọn tó ti kú, àwọn onímọ̀ ṣírò pé nǹkan bíi mílílítà 1 fún kílò kan ara tó láti pa ènìyàn. Mílílítà kan DEG wúwo tó gíráàmù 1.118, nítorí náà ìyẹn jẹ́ mílígíráàmù 1,118 fún kílò, ó sì bọ́ sínú Ìsọ̀rí Kẹrin gẹ́lẹ́. Ní Haiti, níbi tí oògùn ibà tó ní DEG nínú ti pa ọmọ tó lé ní 80 ní 1995 sí 1996, àwọn olùwádìí ṣírò ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan mu. Ìwọ̀n tó wà láàárín jẹ́ mílílítà 1.34 fún kílò, ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù jẹ́ 0.22 péré. Sọ 0.22 di mílígíráàmù, 246 ni. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà yìí ni wọ́n gbé sórí àtẹ, Ìsọ̀rí Kẹta ni DEG ì bá wà, agbárí òkú ì bá sì wà lára gbogbo dírọ́ọ̀mù rẹ̀.

GHS fúnra rẹ̀ ní àyè fún irú ìyàtọ̀ báyìí. Ó ní bí ẹ̀rí tó ṣe é gbára lé bá wà láti ara ènìyàn, kí wọ́n má fi ti eku bò ó mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí DEG fi ní ìsọ̀rí rárá. Nínú àtẹ òfin Yúróòpù, Ìsọ̀rí Kẹrin ni wọ́n fi í sí, gbólóhùn H302, ó lè pani lára bí a bá gbé e mì, pẹ̀lú ìràwọ̀ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó túmọ̀ sí pé ìsọ̀rí yìí ló rẹlẹ̀ jù tí ẹnikẹ́ni lè fi í sí; bí o bá ní ẹ̀rí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbé e sókè. Àmì tó ń bá Ìsọ̀rí Kẹrin rìn ni àmì ìyanu, "!". Àmì yẹn kan náà ló wà lára ọ̀pọ̀ ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ ilé. Èmi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti rí i rí tí ọkàn rẹ̀ fò.

Ewu kejì wà tí àwọn kan nínú àwọn tó ń ta DEG ń kọ sínú ìwé ààbò, tí àwọn mìíràn kì í kọ, òun sì ni mo kà sí gidi: ìpalára fún ẹ̀yà ara kan pàtó, gbólóhùn H373, kíndìnrín. DEG fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń pa ni. Nígbà tó bá dé inú ẹ̀dọ̀, èròjà tó ń fọ́ ọtí líle ló máa fọ́ ọ, ohun tó sì máa sọ ọ́ dà gbẹ̀yìn ni diglycolic acid. Ásíìdì yìí ló máa ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọ̀pá tíntìn-tíntìn tí kíndìnrín fi ń sẹ́ ìtọ̀. Èyí ló fi jẹ́ pé ọmọ á mu ún lónìí, á kàn bì, á ṣe bí ẹni tó mu ọtí, á sùn. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni ìtọ̀ á tó dá. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣan ojú àti ti ẹsẹ̀ lè kú. Bí dókítà bá tètè mọ̀, oògùn fomepizole wà tó ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ kó má baà fọ́ ọ, wọ́n sì lè fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tètè mọ̀, nígbà tí oògùn tí ọmọ ń mu jẹ́ ti ibà, tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru náà sì jẹ́ ohun tí wọ́n ti ní eyín ló fà á?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ sórí ọmọ kan. Ká ní ó wúwo tó kílò 8. Ká ní ìyá fún un ní ṣíbí oògùn kan, mílílítà 5, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Bí ìdá kan nínú márùn-ún bá jẹ́ DEG, mílílítà 1 ló wà nínú ṣíbí kọ̀ọ̀kan, 3 lóòjọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, 9 ti wọlé. Pín 9 sí kílò 8, ó lé ní mílílítà 1 fún kílò. Ìyá kò fún un ní àfúnjù. Ó tẹ̀lé ohun tí wọ́n sọ fún un.

Báwo ni DEG ṣe wá dénú oògùn? Ohun tí ìwádìí fi hàn ni pé ilé-iṣẹ́ náà ra PG lọ́wọ́ oníṣòwò kẹ́míkà kan ní Èkó tí kò ní ìwé àṣẹ láti máa ta èròjà oògùn. Ẹni tó bá mọ bí ọjà kẹ́míkà wa ṣe rí kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè bó ṣe lè ṣẹlẹ̀. Dírọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù máa ń wọlé láti òkè òkun, wọ́n á ṣí i, wọ́n á bu ú sínú kẹ́ẹ̀gì ìlítà 25, nítorí kì í ṣe gbogbo oníbàárà ló lágbára odidi dírọ́ọ̀mù. Ìwé tó bá dírọ́ọ̀mù wá kì í bá kẹ́ẹ̀gì lọ. Ohun tó máa ń wà lára kẹ́ẹ̀gì ni lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n fi máákà dúdú kọ. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n da kẹrosíìnì sínú ìgò omi tí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. Nígbà tí kẹ́ẹ̀gì náà bá fi máa dé ọwọ́ ẹnì kẹta, gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Geneva lórí àmì àti ìsọ̀rí GHS ti di òfo. Àmì ìyanu yẹn pàápàá, bó ti wù kó kéré tó, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Síbẹ̀ gbogbo ẹ̀bi kò lè jẹ́ ti ọjà. Ilé-iṣẹ́ tó ń po oògùn kò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ olùtajà gbọ́ lórí ohun tí ọmọdé máa mu. Àyẹ̀wò tó ń ya DEG sọ́tọ̀ kúrò lára PG kò ṣòro. O lè kán an sórí pátákó gíláàsì tí wọ́n fi sílíkà pa lójú, kí omi míì máa gùn ún bọ̀ láti ìsàlẹ̀, àwọn èròjà á pín ara wọn sí ipò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, o sì máa rí àmì DEG ní ibi tí kò yẹ kó wà. Ẹ̀rọ gas chromatography ló dára jù, torí ó máa sọ iye rẹ̀. Kódà òṣùwọ̀n ìwúwo omi lásán, èyí tó dà bí bíró tó ń léfòó, yẹ kó ti pariwo bí ayédèrú náà bá pọ̀: mílílítà PG kan wúwo tó gíráàmù 1.036, ti DEG jẹ́ 1.118. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ìwúwo nìkan kò tó, nítorí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe lè fi omi là á títí ìwúwo yóò fi bára mu.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ tuntun ní Nàìjíríà. Ní 1990, oògùn ibà olómi tí wọ́n fi DEG pò dípò PG pa àwọn ọmọdé ní Jos àti ní Ìbàdàn. Ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Jos nìkan, ọmọ 47 ni àwọn dókítà kọ nípa wọn sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn. Ọdún 18 ló wà láàárín ìyẹn àti My Pikin. Ní Amẹ́ríkà, ní 1937, ilé-iṣẹ́ kan ní Tennessee fẹ́ kí oògùn sulfanilamide wà ní olómi, wọ́n fi DEG yọ́ ọ, ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n dán adùn rẹ̀ wò, wọ́n dán àwọ̀ àti òórùn rẹ̀ wò, wọn kò dán oró rẹ̀ wò, òfin ìgbà náà kò sì ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ènìyàn 105 kú. Ẹ̀sùn tí ìjọba rí fi kan wọn kò ju pé wọ́n pe oògùn náà ní "elixir" nígbà tí kò sí ọtí nínú rẹ̀. Òfin oògùn tuntun ti 1938 ló tẹ̀lé e. Láti ọdún náà ni ewu DEG ti wà ní gbangba, nínú ìwé, fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á.

Ní 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó rán òṣìṣẹ́ méjì nínú ilé-iṣẹ́ tó ṣe My Pikin lọ sẹ́wọ̀n ọdún méje-méje, ó sì ní kí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Ní oṣù kẹwàá 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ nípa àwọn oògùn ikọ́ kan láti Íńdíà tí wọ́n ní wọ́n jẹ mọ́ ikú ọmọ tó lé ní 60 ní Gáńbíà. Indonesia àti Uzbekistan tẹ̀lé e kí ọdún náà tó parí. DEG àti ìbátan rẹ̀, ethylene glycol, ni wọ́n tún bá.

Bí wọ́n bá ní kí n kọ ìsọ̀rí DEG sára káàdì ilé ìkẹ́rù lónìí, mi ò ní yí Ìsọ̀rí Kẹrin padà, nítorí ohun tó wà nínú àtẹ òfin nìyẹn, alábòójútó tó bá wá yẹ̀ wá wò á sì bi mí léèrè. Ṣùgbọ́n H373 máa wà níbẹ̀, pẹ̀lú "kíndìnrín" ní lẹ́tà ńlá, yálà olùtajà kọ ọ́ tàbí kò kọ ọ́. Ibi tí nọ́ńbà eku yẹ kó wà, ti Haiti ni màá kọ́kọ́ kọ, ti eku á tẹ̀lé e. DEG kò ní bá PG àti glycerine gbé inú yàrá kan náà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi fa ọ̀kan kò sì ní fa èkejì. Kò sì sí kẹ́ẹ̀gì tó máa jáde pẹ̀lú "glycol" nìkan lára rẹ̀. Nọ́ńbà CAS, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan ní, ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí orúkọ lè jọra, nọ́ńbà kì í jọra: DEG ni 111-46-6, PG ni 57-55-6. Ẹni tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì wá láìní nọ́ńbà yẹn, kó gbé e padà.